Adágún ìtukọ̀ àti àbàtà lórí ilẹ̀ kan náà: ṣé ó ṣeé ṣe?

Àjẹ̀Òwúrọ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ìtukọ̀ ni mí. Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí mo ti ń dúró sí etí omi, tí mò ń pariwo mọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n gbé àjẹ̀ wọn dọ́gba. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ti wa yanrìn rẹ̀ títí ó fi tán. Ihò náà gùn, omi sì ti gba inú rẹ̀. Pápá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ àbàtà láyé àwọn bàbá wa. Wọ́n la kòtò sí i, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ, wọ́n fi dáko, oko náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa rí. Àwọn tó ni ilẹ̀ ti gbà láti yọ̀ǹda ihò àti pápá fún wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bá wa ṣe àdéhùn lé lórí: bí a bá gbẹ́ adágún ìtukọ̀, a gbọ́dọ̀ dá àbàtà náà padà sí bó ṣe wà.

Ohun tí gbogbo atukọ̀ ń fẹ́ làwa náà fẹ́: omi tó tọ́ gbọnrangandan fún 2,000 mítà, ojú ọ̀nà mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 13.5, kí omi sì jìn tó lábẹ́ ọkọ̀. Nípàdé tó kọjá, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ àti koríko tẹ́ àwòrán tiwọn sílẹ̀: etí omi kọ́lọkọ̀lọ, erékùṣù káàkiri, omi tí kò mu ju orúnkún lọ. Àwa náà tẹ́ tiwa. Nígbà tí a gbé ọ̀kan lé èkejì, kò sí ibi tí wọ́n ti bára mu. Ohùn lọ sókè, ìpàdé sì tú ká pẹ̀lú ìbínú.

Èmi ò fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè gba ilẹ̀ náà. Níbi tí mo ti kọ́ ìtukọ̀, ìféfé ló wà lápá òsì wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lówùúrọ̀ kùtù, ohùn àkèré la kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí a tó rí ojú omi. Ó wù mí kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní irú rẹ̀. Ṣé ẹnì kan wà níbí tó ti fojú ara rẹ̀ rí ibi tí adágún àti àbàtà ti ń gbé pọ̀? Kí ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣètò?

Olùṣọ́Omi:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrònú. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká àwòrán méjèèjì kúrò nílẹ̀ ná. Bí etí omi ṣe rí kọ́ ni ìjà yín dá lé. Orí bí omi ṣe ń ga tó, bó ṣe ń lọ sílẹ̀ tó, ibẹ̀ ni ìjà wà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣọ́ omi ní adágún kan tí wọ́n gbẹ́ fún ìtukọ̀. Èmi ni mò ń ṣí ilẹ̀kùn omi, èmi náà ni mò ń tì í. Adágún ìtukọ̀ fẹ́ kí omi dúró sójú àmì kan náà látọdún dé ọdún. Bó bá fi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan péré fà, pèpéle tí àwọn ọmọ ń gbà wọ ọkọ̀ á ga jù, okùn tó so àwọn bọ́ọ̀lù ojú ọ̀nà pọ̀ á yọ sókè, á sì máa kọ́ ìdí ọkọ̀. Àbàtà ò rí bẹ́ẹ̀. Àbàtà tí omi rẹ̀ kì í gbéra lójú kan ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú èso koríko etí omi kì í hù àfi bí ẹrẹ̀ bá yọjú sí oòrùn. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ń wá ẹrẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀, kó lè fi ẹnu tú kòkòrò jáde. Ẹja kéékèèké ní tiwọn ń retí kí omi kún bo koríko kí wọ́n lè rí ibi sá sí. Kíkún àti fífà yẹn ni èémí rẹ̀.

Àwọn tó kọ́ adágún tiwa ò ro ìyẹn. Wọ́n gbẹ́ omi tán, wọ́n wá rọ etí rẹ̀ kan ní pẹlẹbẹ, wọ́n gbin ìféfé sí i, wọ́n ní àbàtà ti dé. Omi kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ìféfé nìkan ló kù níbẹ̀, gbogbo koríko yòókù ti lọ.

Ní ọdún karùn-ún ni ti adágún fúnra rẹ̀ wá ṣẹlẹ̀. Mo dé èbúté láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ooru, mo bá omi bí ìgbà tí ènìyàn da ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i. Afẹ́fẹ́ ti gbá gbogbo rẹ̀ jọ sí igun tí àwọn ọmọ ti ń wọ ọkọ̀. Mo fi igi tọ́ ọ wò, ó ki bí ẹ̀kọ, ó sì ń rùn bíi koríko tó ti rà. Irú algae, ohun aláwọ̀ ewé wẹ́wẹ́ tó ń hù nínú omi, tó ń ṣe májèlé ni. Ajá ọ̀kan nínú àwọn òbí ti lá nínú rẹ̀ kí n tó lé e kúrò. Ajá náà ò rí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ti adágún. Àwọn ọmọ tó ti ń múra ìdíje láti ọdún tó kọjá jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń sunkún, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ fún wọn.

Ohun tó fà á ni pé omi tó ń wọ adágún wa ń gba inú oko kọjá, ó sì ń gbé ajílẹ̀ bọ̀. Phosphorus, èròjà inú ajílẹ̀ tó ń mú irúgbìn dàgbà, ni oúnjẹ algae. Èyí tí kò tètè rí jẹ á lọ jókòó sínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ooru bá mú, omi òkè á gbóná, ti ìsàlẹ̀ á tutù, méjèèjì ò ní dà pọ̀ mọ́, atẹ́gùn ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀ á sì tán. Níbi tí ọ́síjìn bá ti tán, èròjà irin tó di phosphorus mú nínú ẹrẹ̀ á tú u sílẹ̀. Báyìí ni adágún ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ohun tó máa pa á.

Àbàtà ì bá gbà wá, ká ní iwájú ni wọ́n fi í sí. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Tiwa ò tilẹ̀ takété. Wọ́n so ó mọ́ ìdí adágún, níbi tí omi dé lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Ó gbà wá ní ọ̀pọ̀ lẹ́tà àti ìpàdé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí a tún un ṣe. A mọ ògiri amọ̀ sáàárín méjèèjì. Omi tó bá ń bọ̀ láti òde á kọ́kọ́ wọ kòtò kan tó jìn, níbi tí á ti rọ̀ wọ̀ọ̀, tí yanrìn àti ẹrẹ̀ á sì rò sílẹ̀. Kòtò yìí gbọ́dọ̀ wà níbi tí katakata lè dé, nítorí ẹ máa ní láti kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ jáde lóòrèkóòrè. Láti ibẹ̀ ni omi á ti wọ àbàtà, èyí tí a pín sí yàrá mẹ́ta, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn omi tirẹ̀. Pákó lásán ni ilẹ̀kùn ọ̀hún, à ń gbé e lé ara wọn. Bí mo bá yọ pákó kan, omi yàrá yẹn á lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Omi á máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín ìdí koríko fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn bakitéríà inú ẹrẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn á sọ nitrogen, èròjà ajílẹ̀ mìíràn tó wà nínú omi náà, di afẹ́fẹ́, á fò lọ. Phosphorus á lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ àti igi koríko. Ẹ̀yìn ìyẹn ni omi tó lè wọ adágún. Nígbà tí mo bá fa omi yàrá kan gbẹ fún àwọn ẹyẹ, méjì yòókù á ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àmì omi adágún ò sì ní mì rárá.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń fi okùn sọ àwo róbótó kan kalẹ̀ láti orí èbúté. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà, a kùn ún ní dúdú àti funfun. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì tó tún jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀, ló fi irú àwo bẹ́ẹ̀ yẹ òkun wò ní 1865, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Ẹ ó máa sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi pòórá, ẹ ó wá ka ìwọ̀n okùn. Lọ́dún algae yẹn, 40 sẹ̀ǹtímítà ló ti ń pòórá. Ọdún kejì lẹ́yìn tí a tún àbàtà ṣe, mo sọ àwo kalẹ̀, mo dé mítà kan, mò ń rí i. Mo dé mítà kan àbọ̀, mò ń rí i. Mítà méjì ó lé díẹ̀ ló tó sá mọ́ mi lójú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí okùn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ibi tí ẹ máa nawọ́ sí nípàdé, ó wà. Ní Penrith nítòsí Sydney ní Ọsirélíà, ilẹ̀ tí wọ́n ti wa yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sọ di adágún tí wọ́n ti tukọ̀ fún Òlíńpíìkì ọdún 2000. Ní Dorney ní England, wọ́n gbẹ́ adágún sí ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́, wọ́n sì ń ta òkúta náà bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tukọ̀ fún Òlíńpíìkì ọdún 2012. Ti àbàtà, ẹ wo Barnes ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbada omi oníkọnkéré mẹ́rin ni wọ́n fọ́ níbẹ̀, tí wọ́n sọ di àbàtà tó lé ní 40 hẹ́kítà. Wọ́n ṣí i ní 2000. Nígbà tó fi máa di 2002, àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń wọ́ lọ síbẹ̀ ti pọ̀ débi pé òfin fi ibẹ̀ sábẹ́ ààbò. Bí kọnkéré bá lè di àbàtà, èwo ni ti pápá tó jẹ́ àbàtà tẹ́lẹ̀?

Lékeléke:

Ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́Omi ti sọ ti omi. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹyẹ kún un.

Mo jókòó sẹ́yìn ìféfé lẹ́bàá adágún kan fún wákàtí mẹ́rin nígbà ìyéyin, mò ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ kọjá nígbà mẹ́tàlá. Ìyá pẹ́pẹ́yẹ tí mò ń wò yí ojú sí i nígbà méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò tiẹ̀ wò ó mọ́. Ó mọ̀ pé ohun tó ń lọ tààrà, tó ń lọ déédéé, kò wá a wá. Ohun méjì ló lé e kúrò lórí ẹyin rẹ̀. Ọ̀kan ni ọkùnrin tó wá dúró sórí ògiri amọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ yọ sí ojú ọ̀run. Èkejì ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì olùkọ́. Ìgbì tí ọkọ̀ yẹn dá wọ inú ìféfé, ó gbé ìtẹ́ sókè, ó sì dojú ẹyin méjì dé sínú omi.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn á máa rìn wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí adágún, kó rẹlẹ̀ ju orí ògiri lọ, kí orí wọn má yọ sí ìhà àbàtà. Bí wọ́n bá fẹ́ wo ẹyẹ, ẹ kọ́ ahéré onífèrèsé tóóró kan tàbí méjì fún wọn. Ẹ fi apá kan àbàtà sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní dé láéláé. Erékùṣù, inú àbàtà ni kí ó wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má gbin igi ńlá sórí ògiri amọ̀: gbòǹgbò rẹ̀ á la amọ̀, omi á máa jò, igi á sì tún máa dínà afẹ́fẹ́ fún ojú ọ̀nà kan tí àwọn yòókù á sì máa gba gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ bí ìyẹn ṣe ń ba ìdíje jẹ́.

Àjẹ̀Òwúrọ̀:

Àǹtí Lékeléke, ọ̀rọ̀ ẹyin méjì yẹn wọ̀ mí lára gidi, nítorí èmi ni mò ń wa irú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé mo gba ẹ̀bá ìféfé kọjá pẹ̀lú eré kí n lè bá ọkọ̀ àwọn ọmọ. Mi ò wẹ̀yìn wò rí. A máa wá ọkọ̀ onídìí méjì tí kì í dá ìgbì púpọ̀, èmi ni mo sì máa kọ́kọ́ wà á.

Ẹ̀gbọ́n Olùṣọ́Omi, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè méjì ló kù. Ìyá àwọn ọmọ ń bẹ̀rù ẹ̀fọn àti àìsàn inú omi, mi ò sì lè fi ọ̀rọ̀ lásán dá wọn lóhùn. Èkejì, pápá yẹn ti mu ajílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá dá omi padà sórí rẹ̀, ṣé ajílẹ̀ ọ̀hún ò ní ṣàn wọ adágún?

Nọ́ọ̀sìEtíOdò:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àìsàn. Omi tó ń rìn, tí ẹja kéékèèké àti lámilámi wà nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ìdin ẹ̀fọn ráyè. Inú ike, táyà àti ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè lẹ́yìn ilé ìkọ́kọ̀sí ni ẹ̀fọn ti ń pọ̀. Ẹ dojú àwọn ọkọ̀ yín délẹ̀.

Ìgbín omi ni kí ẹ ṣọ́. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń gbé inú ẹyẹ omi, tí wọ́n sì ń ti ara ìgbín jáde wá bá awọ ara ènìyàn. Ti ẹyẹ ń fa ìyúnra fún ọjọ́ díẹ̀, a máa lọ fúnra rẹ̀. Níbi tí ojú ọjọ́ ti gbóná ni èyí tó le gan-an wà, àtọ̀sí ajá, òun náà sì ń ti ara ìgbín jáde. Ìgbín fẹ́ràn etí omi tí koríko wà, tí kò jìn, tí omi ibẹ̀ kì í sáré. Torí náà, ibi tí àwọn ọmọ á ti máa wọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìféfé, kí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kí ó jìn lójijì, kí wọ́n máa ti orí pèpéle wọ ọkọ̀ láì fẹsẹ̀ tẹ omi.

Ẹ máa kó omi lọ yẹ̀ wò. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2006 lórí omi ìwẹ̀ kò ka omi odò àti adágún sí èyí tó dára jù lọ bí E. coli, bakitéríà tó ń ti inú ìgbẹ́ wá, bá ju 500 lọ nínú 100 mílílítà rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan tàbí méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi.

Olùṣọ́Omi:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè títí tí ó fi bọ́ sórí.

Bẹ́ẹ̀ ni, á ṣàn wọ adágún. Bí ẹ bá kàn dí kòtò, tí omi bo ilẹ̀ oko, phosphorus tó ti jókòó sínú ilẹ̀ òkè, ìyẹn ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko, á tú jáde, ó sì lè máa tú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbàtà tí ẹ ṣe kó lè fọ omi á wá máa dọ̀tí rẹ̀. Ẹ ha ilẹ̀ òkè yẹn kúrò, ẹ gbé e lọ jìnnà sómi, síbi tí wọ́n bá fẹ́ dáko. Amọ̀ tó wà lábẹ́ ni kí ẹ fi mọ ògiri, nítorí òun ló ń di omi mú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ha á, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ibi tó rẹlẹ̀ jù, láti oríṣiríṣi ìjìnlẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fífẹ̀, kó má nípọn ju ìka méjì lọ, ẹ fi omi òjò rin ín kó máa tutù ṣáá, ẹ gbé e síbi tó rí oòrùn. Èso koríko àbàtà lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì kú. Bí nǹkan bá hù, ẹ ò nílò kí ẹ máa ra koríko kiri. Ìpele tó hù ni kí ẹ tọ́jú pa mọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ padà sórí ilẹ̀ tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, kó má bàa já yín kulẹ̀. Nígbà tí omi wa mọ́, ìmọ́lẹ̀ dé ìsàlẹ̀, koríko abẹ́ omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ọ̀nà, ó ń wé mọ́ ìtọ́kọ̀. Àwọn kan ní kí a da oògùn sí i, mo kọ̀ jálẹ̀. À ń gé e ni, à ń kó o jáde pẹ̀lú phosphorus tó ti mu. Ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà tó mítà 3.5 ó kéré tán, èyí á dín in kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ẹja tó ń tú ẹrẹ̀ sínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti inú omi mìíràn dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa kó tó kan omi yín.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe rèé, kò sì gba àwòrán kankan. Ẹ ri òpó tí ẹ ti kọ ìwọ̀n sí lára mọ́ inú ihò yanrìn àti inú pápá. Ẹ máa ka bí omi ṣe ga tó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún kan gbáko. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ibi tí omi ń fẹ́ kó wà, ẹ ó sì mọ ibi tí ògiri máa gbà. Kí ẹ̀yin àti àwọn onímọ̀ ẹyẹ jọ máa kà á.

Àjẹ̀Òwúrọ̀:

Mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Òpó mẹ́rin la rì, méjì nínú ihò, méjì nínú pápá. Obìnrin tó bínú sí mi jù nípàdé ọjọ́ yẹn lèmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń kà wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Omi pápá ga ju ti ihò lọ ní 35 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà, ó jọ pé omi á lè ti àbàtà ṣàn wọ adágún fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n a ṣì fẹ́ mọ bó ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún kan.

A tẹ́ ilẹ̀ sínú àwo mẹ́fà. Mẹ́rin kò hu nǹkan kan yàtọ̀ sí èpò oko. Nínú méjì tí a gbẹ́ láti ìsàlẹ̀, nǹkan bí okùn tín-ín-rín ló yọ jáde láàárọ̀ àná, ó dúdú díẹ̀ ju koríko oko lọ. Obìnrin náà ní kí n fi ìka méjì di ìdí rẹ̀ mú, kí n rọra yí i. Igun mẹ́ta ni mo kàn lára rẹ̀. Ó ní dàńdá ni, koríko àbàtà.